Ta Ni Ó Ní Yorùbá Kò Lè Gun Òkè Àgùàlà?

Níbi ìpàdé kan tí a ti ń yẹ ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wò, ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní kí a fi ojú ìwé méjì tí ó sọ nípa Àgùàlà, èyí tí Òyìnbó ń pè ní Venus, sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní Yorùbá kò ní ohun tí a lè fi pe àwọn ‘terra’ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọwọ́ sí i. Èmi kò fọwọ́ sí i títí di òní.

Kí tilẹ̀ ni ‘terra’? Látìn ni, ‘ilẹ̀’ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa ni a sọ ọ́ di awo. Ilẹ̀ olókè gbágungbàgun ni wọ́n ń fi pè. Ishtar Terra, ní ìhà àríwá, fẹ̀ tó Ọsirélíà. Aphrodite Terra, tí ó nà gbọọrọ lẹ́bàá ìlà agbedeméjì, tóbi jù ú lọ. Lórí Ishtar ni Maxwell Montes wà, tí gíga rẹ̀ tó kìlómítà 11. (Orúkọ obìnrin ló kún ibẹ̀, Maxwell yìí ni ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó ráyè wọlé.)

Ṣé ẹni tí a bí sí Èkìtì tàbí Ìdànrè ni yóò máa wá ọ̀rọ̀ fún òkè? A ní ṣóńṣó, a ní gegele, a ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti àfonífojì. Àwọn ibì kan wà lórí òkè wọ̀nyí tí ilẹ̀ ti hunjọ, tí ebè àti poro dábùú ara wọn. Òyìnbó fi wé òkúta wẹ́wẹ́ tí à ń tò sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé. Àgbẹ̀ wa tí ó bá rí àwòrán rẹ̀ yóò ní oko ni, tí ẹnì kan kọ ebè sí lóròó, tí ẹlòmíràn sì tún kọ tirẹ̀ lé e níbùú. Èwo ni yóò tètè yé ọmọ wa?

Àwọn kan ní kí a kúkú pè é ní kọ́ńtínẹ́ǹtì, bí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan ti ń ṣe. Ìyẹn gan-an ni aṣinilọ́nà. Kò sí òkun ní Àgùàlà. Ooru ibẹ̀ tó ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́sì 460, òjé yóò yọ́ níbẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó yí àwọn òkè náà ká, kì í ṣe omi.

N kò sì sí lẹ́yìn àwọn tí ń pariwo pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n mọ Àgùàlà, wọ́n ní ajá òṣùpá ni. Òkè rẹ̀ ni wọn kò mọ̀, nítorí ìkùukùu bo ojú rẹ̀ pátápátá. Rédà ni ó kọ́kọ́ tú àṣírí náà ní àwọn ọdún 1960, kí ọkọ̀ òfurufú Magellan tó yàwòrán rẹ̀ láàárín 1990 sí 1994. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ní ọ̀rọ̀ fún un nígbà náà. Ó lọ tọrọ lọ́wọ́ Látìn. Ta ni ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Wọ́n ní wọn yóò tún ìwé náà tẹ̀. Mo ti kọ ojú ìwé méjèèjì tán ní Yorùbá. ‘Ilẹ̀ olókè’ ni mo pe terra. Ó wà lórí tábìlì mi.