Ìbọn Wo Ni Ó Yẹ Àgbẹ̀ Tí Ń Ṣọdẹ?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra ìbọn tí yóò máa fi ṣọ́ oko, tí yóò sì máa fi ṣọdẹ.

Ìbọn kan wà tí ó ń wu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òun ni ìbọn kúkurú tí a mọ̀ mọ́ àwọn kawúbọ́ì inú sinimá, tí ó ní irin ìfà lábẹ́. Bí a bá fa irin náà sísàlẹ̀ tí a sì dá a padà, ọta mìíràn ti wọlé. Ilé-iṣẹ́ Winchester ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn gidigidi jáde ní ọdún 1873. Lóde òní, Uberti ní ilẹ̀ Ítálì àti Rossi ní ilẹ̀ Brazil ń ṣe àwòkọ irú àwọn ìbọn àtijọ́ bẹ́ẹ̀. A kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gbé rìn nínú igbó, a sì lè yìn ín léraléra. Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé kì í ṣe ìbọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa.

Òfin ni ìdí kìíní. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí a kà léèwọ̀, tí ó di dandan kí Ààrẹ fi àṣẹ sí. Èkejì ni ìbọn ti ara ẹni, tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ń fún ni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti irú rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu; òun náà kò ṣe é ní láìsí ìwé àṣẹ. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ó bá ní ẹ̀rọ ìkita kò sí lára ìbọn ti ara ẹni. Ráífù tí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì jẹ́ mìlímítà 7.62 tàbí 9, tàbí ínṣì .300, ti ológun ni òfin kà á sí. Ẹ wò ó: .30-30 àti .357 tí ó wọ́pọ̀ fún ìbọn onírin ìfà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀n wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá gbé irú rẹ̀ jáde, ẹjọ́ ni ó ń wá.

Ìdí kejì ni ẹ̀mí ènìyàn. Ọta .30-30 lè rìn ju kìlómítà 2 lọ. Ilẹ̀ ọ̀dàn Kàdúná tẹ́ pẹrẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí ibi púpọ̀ ní Òkè-Ògùn. Ọkà bàbà sì lè ga ju ènìyàn lọ. Ọta tí ó bá tàsé ọ̀yà lè bá ẹni tí ń ro oko rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọta wẹ́wẹ́ tí a fi ń pa awó àti ehoro ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní nǹkan bí mítà 35, kì í sì í jìnnà bẹ́ẹ̀ kí agbára rẹ̀ tó tán.

Ìdí kẹta ni ọta àti àtúnṣe. Ní ìlú Kàdúná yìí ni ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba, DICON, wà láti ọdún 1964. Nígbà tí wọ́n ṣe ìbọn fún ará ìlú, ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n ṣe. Irú èyí, tí a ń ṣẹ́ láàárín kí a tó fi katiríìjì sí i, kò ní ẹ̀rọ púpọ̀ tí eruku ọyẹ́ lè dí. Ṣùgbọ́n bí irin kékeré kan bá kán lára àwòkọ ti òkèèrè, níbo ni a ó ti rí òmíràn?

Nítorí náà, ẹ yan ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá láti béèrè bóyá ìwé àṣẹ yóò ṣeé gbà. Ẹ má ra ìbọn lábẹ́lẹ̀, ẹ má sì ṣọdẹ nínú ọgbà ẹranko ìjọba bíi Kamuku. Bí ẹ bá délé, ẹ yọ katiríìjì kúrò, kí ẹ sì ti ìbọn mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹran tí ó sá lọ lónìí, a lè tún rí i lọ́la. Ọta tí ó ti jáde lẹ́nu ìbọn kò ṣe é pè padà.