Ẹ Jẹ́ Kí Ìdàrọ́ Wà Níbi Tó Wà

Ẹ̀yin ọmọ Ògún lókè òkun! Bí a bá lọ sílé, àwọn kan nínú wa a máa ṣa ìdàrọ́ ní ojú ìléru àtijọ́ wá sí ojúbọ wọn. A ní kí wọ́n ṣíwọ́.

Ìdàrọ́ ni ẹlẹ́rìí ọgbọ́n àwọn baba wa. Irin pọ́ńbélé kì í yọ́ àfi bí iná bá tó 1,538°C. Ìdàrọ́ ń yọ́ ní nǹkan bí 1,200°C. Nítorí náà, pàǹtí inú òkúta irin á yọ́ ṣàn, irin á kù sílẹ̀ bí ìṣù tí alágbẹ̀dẹ yóò lù. Ìlà ìṣàn lára ìdàrọ́ ń fi hàn bó ṣe jáde. Èédú tó há sínú rẹ̀ ń sọ igi tí wọ́n sun àti ọjọ́ orí iṣẹ́ náà.

C. V. Bellamy rí iṣẹ́ yìí, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1904. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kọ ọ́, ìdàrọ́ ló kù tó lè jẹ́rìí. Èyí tí a bá sì ṣí nípò kò lè sọ ìléru tó bí i mọ́.

Ẹ ra irin lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ fún Ògún. Ẹ fi ẹlẹ́rìí sílẹ̀.