Ọmọ Tó Ń Hanrun Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún 8. Bí mo bá ti kọ ìṣirò sójú pátákó, kí n tó yíjú padà, ó ti sùn lọ. Mo nà án ní pàṣán, kò gbọ́. Mo ní kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ sókè. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló tún ti ń tòògbé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní “Bàbá Olóorun”. Èmi náà kọ ọ́ sínú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni.

Ó wá di ọjọ́ tí a kó àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje eré sísá ní ìlú kejì, gbogbo wa sì sùn sínú gbọ̀ngàn kan. Lóru, mo gbọ́ ohùn kan bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọmọ yìí ló ń hanrun. Lójijì, ohùn náà dákẹ́. Àyà rẹ̀ ń gbé sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èémí kankan kò gba imú tàbí ẹnu rẹ̀ kọjá. Mo wo aago ọwọ́ mi: ìṣẹ́jú àáyá 5, 10, 12. Ó wá ta gìrì, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò, ó sì tún sùn. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Òógùn bò ó, ó sì ti tọ̀ sórí ẹní. Mo jókòó tì í, mo ń sọ fún ara mi pé: “Tíṣà, ọmọ tí kò rí oorun sùn lóru ni ò ń nà lọ́sàn-án.”

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ẹ̀rín ló rín: “Tíṣà, ẹ má dààmú ara yín. Oorun àsùnwọra ni. Èmi náà ń hanrun, bàbá mi náà hanrun títí wọ́n fi kú.” Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, “Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo ti ń jí lóru láti gbé orí rẹ̀ sókè, kó lè mí.” Ará ilé kan ní kí a mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò gé bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀. Mo ní rárá o, ilé ìwòsàn ni.

Àlàyé tí dókítà ṣe fún wa nìyí. Kókó ẹran méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní tonsil. Òmíràn farapamọ́ sẹ́yìn imú, adenoid ni orúkọ tirẹ̀. Bí wọ́n bá tóbi jù, tí ọmọ bá sì sùn, tí ẹran ọ̀fun rẹ̀ dẹ̀, ọ̀nà èémí yóò dí. Ọpọlọ yóò jí ọmọ náà díẹ̀ kó lè mí, nígbà púpọ̀ lóru kan. Ìdí nìyẹn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń tòògbé lọ́sàn-án, tàbí tó ń ṣe wọ́nwọ́n tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ àwọn kókó náà. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2013 lórí ọmọ 464, láti ọdún 5 sí 9, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù 7, èémí 79 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti tọ́. Àmọ́ 46 nínú 100 àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́ náà bọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, dókítà ni yóò sọ ẹni tí abẹ tọ́ sí.

Tiwa dín kù, kò tán. Ni wọ́n bá pe dókítà eyín. Ó rí i pé àjà ẹnu ọmọ náà ga, ó sì há. Ohun tó jẹ́ àjà fún ẹnu ni ó jẹ́ ilẹ̀ fún imú: bí ọ̀kan bá há, èkejì náà há. Wọ́n de irin kan mọ́ eyín òkè rẹ̀, sukúrù kékeré wà láàárín irin náà. Ìyá rẹ̀ ń fi kọ́kọ́rọ́ tín-ínrín yí i lálaalẹ́, ìyípo kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà. Kì í ṣe ọgbọ́n àná: Emerson Angell, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1860. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé egungun àjà ẹnu ọmọdé kò tíì so pọ̀ gírígírí láàárín. Bí ọmọ bá ti bàlágà tán, ó di ọ̀ràn mìíràn. Àlàfo là láàárín eyín iwájú ọmọ náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ti ní èjí! Àlàfo náà padà pa dé, irin sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 6 kí egungun lè dì.

Irin mìíràn tún wà fún ọmọ tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré, tó ń fa àgbọ̀n náà síwájú. Pierre Robin, ará Faransé, ṣe irú rẹ̀ kan ní 1902. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń hanrun ni irin wà fún. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tún eyín tò ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní 2019 pé oníṣègùn ni kó kọ́kọ́ fìdí àrùn náà múlẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó irin kó tó yẹ ọ̀fun ọmọ wò, ẹ sá fún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dìde lóru kan lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ dúró ti ọmọ yín bó ti ń sùn. Bó bá ń hanrun ní ọ̀pọ̀ òru, tí èémí rẹ̀ ń dúró, tó ń la ẹnu sùn, tó ń na ọrùn sẹ́yìn, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ bi ọmọ bí ó ṣe sùn.

Ọmọ náà kò gba ipò kìíní o. Ipò kọkànlá ló wà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là kedere títí agogo fi lù. Mo pè é síwájú kíláàsì, mo sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ó ti tán, sà.” Lọ́wọ́ tirẹ̀, ó ti tán. Lọ́kàn tèmi, kò tíì tán.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.