Fọ́tò Ẹlòmíì Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n

Ní ọdún 2020, ìròyìn ilé ìyafọ́tò kan ní ìlú Los Angeles tàn ká orí ayélujára. Wọ́n ṣe yàrá kan níbẹ̀ bí inú bàálù àwọn olówó: àga bàálù, fèrèsé bàálù. Kò ní ìyẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì gbéra nílẹ̀ rí. Dọ́là 64 ni ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀ ń san fún wákàtí kan nígbà náà. Láàárín wákàtí yẹn, èèyàn lè pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, kó ya fọ́tò ìrìn àjò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Ẹni tó máa rí fọ́tò náà lórí Instagram ò ní mọ̀. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin kan n'Íbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tó ń wá iṣẹ́, tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, tó ń fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù sókè. Ó rí bàálù. Ó rí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ti dé Kánádà, ó rí òrùka àdéhùn ìgbéyàwó, ó rí ẹnìkan tí kò sí irorẹ́ kan ṣoṣo lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó lù ú. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa pa iná, ó ti kéré lójú ara rẹ̀.

Kò sì dìgbà tí a bá dé Amẹ́ríkà. Ẹ wo fọ́tò òde àríyá ọjọ́ Sátidé l'Ékòó tàbí l'Abẹ́òkúta. Kí obìnrin kan tó dúró síwájú kámẹ́rà, onímékààpù ti pẹ́ lórí ojú rẹ̀, onígèlè ti wé gèlè, ó ti tú u, ó ti tún un wé. Ayafọ́tò ní kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó fa ikùn mọ́ra, kó yíjú sápá kan. Ó ya á títí ó fi sú wọn, wọ́n ṣa ẹyọ kan nínú rẹ̀, wọ́n fi áàpù pa àpá ojú rẹ́, wọ́n sì dín apá kù. Ẹyọ kan yìí ni ayé ń tẹ ọkàn pupa sí. Bàtà tó ń gé e lẹ́sẹ̀ ò hàn níbẹ̀. Gbèsè aṣọ ẹbí náà ò hàn.

Essena O'Neill, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, tú àṣírí iṣẹ́ yìí ní gbangba ní ọdún 2015. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lórí Instagram ti lé ní ìdajì mílíọ̀nù, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń sanwó fún un kó lè máa wọ aṣọ wọn. Ó ṣàdédé pa ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ̀ rẹ́, ó sì tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwọn tó kù kọ. Lábẹ́ ọ̀kan tó ti wọ aṣọ ìwẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ya irú rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún kí ikùn òun tó rí bí òun ṣe fẹ́, àti pé agbára káká lòun fi jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ni fọ́tò gan-an ò tó fọ́tò rẹ̀. Kí wá ni ti ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè?

Leon Festinger, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ ní ọdún 1954 pé níbi tí kò bá ti sí òṣùwọ̀n gidi, ara ẹlòmíì lèèyàn fi ń wọn ara rẹ̀. Kò sí rúlà tí a fi ń wọn ẹwà tàbí àṣeyọrí, ẹgbẹ́ ẹni la máa ń wò. Láyé ìgbà náà, ẹgbẹ́ ẹni ò ju ará àdúgbò, ọmọ kíláàsì àti ìbátan lọ. A mọ ilé wọn, a mọ ìṣòro wọn, a sì mọ̀ pé ìka ò dọ́gba. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè ti fi ara rẹ̀ wé ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kò mọ̀ rí kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, ibi tó dára jù nínú ayé oníkálukú nìkan ni wọ́n sì gbé síwájú rẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dá ọmọ náà nìkan lẹ́bi, torí ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ojú ìwé ayélujára máa ń tán, èèyàn á ní láti tẹ ibì kan kó tó ṣí òmíràn, ibẹ̀ ló sì ti máa ń rántí pé òun ní iṣẹ́ láti ṣe. Ní ọdún 2006, Aza Raskin gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ojú ìwé fi ń yọ láìlópin bí ọwọ́ bá ṣe ń fà á. Raskin fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Facebook gbé bọ́tìnì láìkì jáde, bí ayé ṣe fẹ́ràn ẹni tó sì di nọ́ńbà tí tọmọdé tàgbà lè kà. Láìkì kì í wọlé déédéé: àádọ́ta lónìí, mẹ́ta lọ́la, òfo lọ́túnla. Bí ẹ̀rọ kàlòkàlò ṣe ń so ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Àìmọ ìgbà tí yóò jẹ ni kì í jẹ́ kó dìde. Owó ìpolówó làwọn ilé-iṣẹ́ yìí fi ń jẹun, bí èèyàn bá sì ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni owó wọn ń pọ̀ tó.

Wọn kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ní ọdún 2021, Frances Haugen tó ti bá Facebook ṣiṣẹ́ rí kó ìwé inú ilé-iṣẹ́ náà síta, ó sì jẹ́rìí níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Nínú ìwé náà, 32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún sọ pé bí ara àwọn ò bá ti wu àwọn tẹ́lẹ̀, Instagram máa ń mú kó burú sí i. Ilé-iṣẹ́ náà fèsì pé wọ́n ṣi ìwádìí náà lóye, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní ìkànnì náà ń ran àwọn lọ́wọ́ nínú ìṣòro mìíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọmọbìnrin kan nínú mẹ́ta kì í ṣe iye tí òbí kan lè fojú fo.

Ohun tó dùn mọ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àtúnṣe rẹ̀ kò gba kí èèyàn ju fóònù sódò. Ní ọdún 2023, Gary Goldfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ottawa, olú ìlú Kánádà, gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 220 jọ, ọmọ ọdún 17 sí 25. Gbogbo wọn ló ń lo ó kéré tán wákàtí méjì lójúmọ́ lórí irú ìkànnì báyìí, ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kálukú ń ṣe bó ti ń ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí apá kan má ṣe kọjá wákàtí kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ya ojú fóònù wọn ránṣẹ́, kí irọ́ má bàa wọ̀ ọ́. Àwọn tí wọ́n fún lófin gan-an ò lè pa á mọ́ tán: ìṣẹ́jú 78 ni wọ́n ń lò lójúmọ́, àwọn yòókù ń lo 188. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, ìrísí àwọn tó dín in kù àti bí wọ́n ṣe sanra tàbí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn tí kò dín in kù wà níbi tí wọ́n wà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ gbé irin tàbí ra ọṣẹ ìbóra. Ohun tí ojú wọn ń rí ló dín kù.

Ní ọdún 2018, Melissa Hunt ti Yunifásítì Pennsylvania ti ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 143: ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún Facebook, mẹ́wàá fún Instagram, mẹ́wàá fún Snapchat lójúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrẹ̀wẹ̀sì dín kù, èrò pé èèyàn dá wà náà dín kù. Ká sọ òótọ́, iyì ara ẹni lápapọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sún nínú ìdánwò tirẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé dídín fóònù kù ló máa wo gbogbo ọgbẹ́ ọkàn sàn. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti wọ̀ lára nílò dókítà.

Àwọn kan á ní, "Ibẹ̀ ni mo ti ń tajà." Òótọ́ ni. Obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta lè tibẹ̀ rí oníbàárà ní London, WhatsApp náà lọ̀pọ̀ ìdílé fi ń rí ojú ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Ẹ jẹ́ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀. Gbígbé ọjà sójú pátákó àti dídá oníbàárà lóhùn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Wíwo ilé onílé lẹ́yìn tí ọjà ti tán ló ń jẹ òru mọ́ni lọ́wọ́.

Irinṣẹ́ àtidín in kù ti wà nínú fóònù. Láti ọdún 2018 ni Android ti ní Digital Wellbeing, tí iPhone náà sì ní Screen Time. Inú Settings ni méjèèjì wà. Ẹ tẹ ìṣẹ́jú tí ẹ fẹ́ sí áàpù kan. Bó bá pé lórí Android, àmì áàpù náà á di eléérú, kò sì ní ṣí mọ́ títí di ọjọ́ kejì, àfi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tú òfin náà ká. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, Instagram ti fàyè gbà wá láti fi iye láìkì pamọ́. Ẹ pa aago ìkìlọ̀ tó ń dún ṣáá. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ máa ń bà yín nínú jẹ́, ẹ yọwọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ ìbátan. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó mọ̀, ẹ fi Mute gbé fọ́tò rẹ̀ kúrò lójú yín. Kí fóònù sì máa gba iná ní pálọ̀, kó má sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ sì tún jókòó ti tiyín di ọ̀gànjọ́. Lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ ṣí Settings, ẹ wo iye wákàtí tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ yín, tiyín àti tirẹ̀, kẹ́ ẹ pín in sí méjì, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dán an wò.