Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ó Tó Di Àwátì

Ilé-Ifẹ̀, Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ìlú tí gbogbo ọmọ Oòduà ń nawọ́ sí nígbà tí wọ́n bá ń tọ́ka sí orísun wọn, kò yẹ kí ó jẹ́ ìlú tí ọgbọ́n ti ń ṣòfò. Síbẹ̀, ohun tí ojú èmi tí mo ń tọ́jú ìwé ń rí láàárín àwọn tí ń wá kàwé, àti èyí tí etí mi ń gbọ́ nígbàkigbà tí mo bá ń ná ọjà ní Sábó, fi yé mi pé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ tí ó bọ́ àwọn baba ńlá wa yó, tí ó sì gbé wọn ró nígbà ọ̀dá àti nígbà ọ̀pọ̀, ń bá àwọn àgbà wa wọ káà ilẹ̀ lọ láìsí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Ìmọ̀ tí mo ń wí yìí kì í ṣe awo tí a ń ṣe nínú igbó. Oúnjẹ tí a ń sè ni, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ni, ìtàn tí ó yẹ kí a máa kà fún àwọn ọmọ wa ni. Ohun tí mo fẹ́ rọ̀ yín sí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi í sí ibi tí ọmọ ọmọ yín yóò ti rí i.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ilé ìkàwé kò wúlò fún ẹlòmíràn ju akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò ń lé bọ̀ lẹ́yìn lọ. Wọ́n gbà pé ìyá tí ń ta àlùbọ́sà, bàbá tí ń rán aṣọ àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń fi ọ̀kadà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ kò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀, tí a fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1961, kúrò ní Ìbàdàn tí ó kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó, tí ó sì dé orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1967, òun àti ìwé rẹ̀ ni wọ́n jọ dé. Ilé ìkàwé yunifásítì náà ni a sì fi sọrí Hezekiah Olúwasanmí, ẹni tí ó jẹ́ gíwá ibẹ̀ láti ọdún 1966 títí di 1975. Orúkọ yunifásítì ti yí padà sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ìkàwé kò yí padà: kí ó gba ohun tí ènìyàn mọ̀, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì fi í lé ẹni tí ó bá béèrè lọ́wọ́. Bí ilé ìkàwé ti wù kí ó tóbi tó, kò lè tọ́jú ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí bí oúnjẹ bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ní ọdún 1934, ilé ìtàwé CMS ní Èkó gbé ìwé kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Kudeti Book of Yoruba Cookery, èyí tí J. A. Mars àti E. M. Tooleyo kọ, tí Kúdẹtì tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ti Ìbàdàn, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin wà nígbà náà. Àwọn tí ó kọ ìwé yìí kò fi ojú kékeré wo ìdáná. Wọ́n mọ̀ pé bí a ti ń se ọbẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a kọ sínú ìwé bí a ti ń kọ ìṣirò àti ìtàn. Ẹ wo iye ìyá tí ó ti kú láti ìgbà náà wá, àwọn alásè tí ọwọ́ wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi ń gbàgbé ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ iye ẹ̀kún ọwọ́ irú tí wọ́n ń bù sí ìkòkò.

Ẹ̀kuru ni oúnjẹ tí èmi fẹ́ràn jù lọ, n óò sì sọ bí a ti ń sè é, kí ọ̀rọ̀ mi má bàa jẹ́ ìmọ̀ràn lásán. A ó bu ife ẹ̀wà mẹ́ta, a ó rẹ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, a ó fi ọwọ́ bó èèpo rẹ̀, a ó ṣàn án títí yóò fi funfun, a ó sì tún fi sínú omi kí ó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ̀ ọ́ kúnná, láìfi ata sí i, láìfi epo sí i, láìsì jẹ́ kí omi rẹ̀ pọ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọge òde òní ti ń kùnà ni lílù, nítorí pé a ní láti fi ọwọ́ tàbí orógùn lù ú dáadáa títí atẹ́gùn yóò fi wọ inú rẹ̀, tí yóò wú, tí yóò sì fúyẹ́; bí a bá kán díẹ̀ sínú omi tí ó bá léfòó, ó ti tó, ṣùgbọ́n bí ó bá rì, ọwọ́ kò tíì gbọdọ̀ sinmi. A ó pọ́n ọn sínú ewé eéran, a ó sì tò ó sínú ìkòkò tí a ti fi igi tàbí ewé tẹ́ ìdí rẹ̀, kí ooru omi lè sè é jinná. Ata díndín tí epo pọ̀ nínú rẹ̀, tí irú àti àlùbọ́sà sì dá sí, ni a ń fi í jẹ, ẹ̀kọ tútù sì máa ń bá a rìn. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ̀kuru tán kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Ọmọ tí kò bá rí ẹ̀kuru rí, báwo ni yóò ti mọ ohun tí òwe náà ń wí?

Ìmọ̀ ìdáná mìíràn wà tí ó ju adùn ẹnu lọ, tí ó jẹ́ ààbò fún ẹ̀mí. Gbágùúdá ní oró nínú, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní sáyánáìdì, àwọn ìyá wa tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ kankan sì ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé a ní láti rin ín, kí a dì í sínú àpò, kí a fi ohun wúwo tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù, kí a sì jẹ́ kí ó kan kí a tó yan án di gàrí. Irú náà kò yàtọ̀: a ó se èso igi igbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a ó tẹ èèpo rẹ̀ kúrò, a ó tún un sè, a ó sì fi ewé àti aṣọ bò ó mọ́ ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí a fi ń dúró ni yóò fẹ́ kánjú, ìkánjú nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí a sì máa kó ènìyàn sí wàhálà.

Sábó tí mo ń wí yìí, àdúgbò tí Haúsá àti Yorùbá ti jọ ń ná ọjà, tún ní tirẹ̀ láti kọ́ wa. Fùrá tí a ń mu níbẹ̀, jéró ni a fi ń ṣe é: a ó gún un, a ó fi èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán sí i, a ó ṣù ú, a ó bọ̀ ọ́, a ó tún un gún, a ó sì fi nùnú, èyí tí í ṣe wàrà tí ó ti kan, pò ó mu. Àwa tí a wà ní Ilé-Ifẹ̀ kò ní gbàgbé ohun tí ojú Sábó rí ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2017, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá, tí ẹ̀mí lọ sí i, tí dúkìá sì ṣòfò. Èmi kò sọ pé ìwé ìdáná lè pa iná ọ̀tẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá ti jókòó ti aládùúgbò rẹ̀ láti bi í bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe fùrá, tí òun náà sì ti ṣàlàyé ẹ̀kuru fún un, kò ní tètè gba irọ́ tí a bá pa mọ́ aládùúgbò náà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí ọ̀rọ̀ bá lágbára tó báyìí, ó yẹ kí a bẹ̀rù àtisọ ọ́ nù. Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe síse gbogbo oúnjẹ: àkàrà ni à ń dín, iṣu ni à ń sun, ẹran ni à ń yan, iyán ni à ń gún, ọkà ni à ń rò, ẹ̀bà ni à ń tẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ wa lónìí, gbogbo rẹ̀ ti di síse. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ìṣaasùn jẹ́, àti ìgbakọ, àti ìjábẹ̀, kí ẹ sì wo bí wọn yóò ti máa wo ojú ara wọn. Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther kọ jáde, òun ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí a ti já gbà kúrò nílé, tí a sì gbé gba orí òkun lọ. Bí ẹni tí ojú rẹ̀ rí irú èyí bá lè jókòó kó ọ̀rọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ jọ, kí ni àwíjàre àwa tí a wà nínú ilé? Isaac Délànọ̀ náà kò fi ọwọ́ lẹ́rán: Atúmọ̀ Ede Yoruba rẹ̀ jáde ní ọdún 1958, mo sì máa ń ṣí i nígbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀, nítorí pé kò sí ìgbà tí n óò ṣí i tí n kò ní bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí ó ti ń fẹ́ sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìwé tí mo ń kà lọ́wọ́ báyìí, tí mo sì ń tún kà, ni ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá ní ọgbọ́n kan lórí. Ọkùnrin yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún bi àwọn àgbà léèrè, pàápàá àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó kí a lè tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sì di àwátì lọ́hùn-ún. Ọlọ́jọ́ dé ní ọdún 1901, Johnson re ibi àgbà ń rè láìrí ìwé rẹ̀ sójú. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Ọbadáyà Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nílé jọ, tí ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó sì fi ránṣẹ́ ní ọdún 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e, nítorí ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, Ọbadáyà fúnra rẹ̀ sì ti lọ ní ọdún tí ó ṣáájú. Bí kì í bá ṣe ti àkọsílẹ̀ tí ó kù sílé ni, òkùnkùn ni ìbá bo púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Ọ̀yọ́ àtijọ́ lónìí.

Ẹ rántí Henry Carr pẹ̀lú, ọ̀mọ̀wé Èkó tí ó kú ní ọdún 1945, tí ìwé tí ó kó jọ sínú ilé ara rẹ̀ tó bí 18,000. Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì di ara ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́jì Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948. Ohun tí ẹnìkan ṣoṣo fi ìfẹ́ tọ́jú sí iyàrá rẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kò mọ̀ rí ń jẹ èrè rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé ìdààmú kí ni èyí, nígbà tí fóònù wà, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà. Ohun tí ènìyàn bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni à ń bá níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì kọ bí ìyá àgbà yín ti ń ro ẹfọ́ yánrin, ẹ lè wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹlòmíràn yóò ní òun kò mọ̀wé kọ. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ, kí ó pe ọmọ náà jókòó, kí ó máa sọ, kí ọmọ máa kọ, yálà ní èdè Yorùbá tàbí ní Haúsá. Alásè tí ń tà yóò bẹ̀rù pé àṣírí òwò òun yóò tú. Kí ó kọ ọ́, kí ó tì í mọ́ inú àpótí, kí ó ṣáà má gbé e lọ sí ọ̀run, níbi tí kò sí ẹni tí yóò rà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe báyìí. Èkíní, ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan fún ilé yín, kí ẹ sì máa kọ oúnjẹ ilé yín sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ “irú díẹ̀” tàbí “omi tí ó bá tó”, ẹ jẹ́ kí ìyá bu irú náà bí ó ti máa ń bù ú, kí ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀. Èkejì, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, ìlú rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, nítorí pé àkọsílẹ̀ tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín ṣòro fún ẹni ẹ̀yìn láti gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ orúkọ ewé, ata àti ohun èlò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pè é ní ìlú yín gan-an, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i, nítorí pé ẹ̀ka èdè Ifẹ̀ lè ní orúkọ tí kò sí ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe ẹ̀dà kan ṣoṣo, ẹ rántí Johnson. Kí ọ̀kan wà nílé, kí ẹ sì mú èkejì tọ olùtọ́jú ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín tàbí ní ilé ìkàwé tí ó bá sún mọ́ yín, kí ẹ bá a jíròrò bí yóò ti tọ́jú rẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá sì tó o láti tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé, ẹ rántí pé òfin ọdún 1970 ní kí ẹni tí ó bá tẹ ìwé jáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí Ilé Ìkàwé ti Orílẹ̀-Èdè wa. Ẹ̀karùn-ún, ẹ máa ka ìwé Yorùbá sí etí àwọn ọmọ yín ní alẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan, kí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sílẹ̀ lè bá etí tí yóò gbọ́ ọ pàdé.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kò sì fi oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ hàn kò ní mọ̀ pé òun ní ohun kan tí kò yẹ ní títà. Bí ìyá yín bá wà láàyè, tàbí ìyá àgbà, tàbí aládùúgbò tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ẹ tọ̀ ọ́ lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹ kúnlẹ̀ kí i, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i, kí ẹ ní kí ó sọ oúnjẹ kan péré fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì mú kálàmù dání.