Orúkọ Ọkọ̀ Àtijọ́
Ó ti di àṣà àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní òkè-òkun láti máa jí orúkọ ọkọ̀ ọlọ́lá àtijọ́ dìde. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Kírikíri, nítorí èbúté Tin Can, tí a ṣí ní 1977, kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ń gúnlẹ̀.

A kò lòdì sí i. Àwa náà ń sọ ọmọ ní Bábátúndé, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọmọ tí kò bá baba náà tan bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Maybach ti Jámánì. Àwọn tí ó ni Mercedes jí orúkọ rẹ̀ dìde ní 2002. Kò tà bí wọ́n ti rò, wọ́n sì dáwọ́ dúró ní 2012. Nígbà tí wọ́n tún gbé e dìde ní 2014, Mercedes tiwọn gan-an ni wọ́n fà gùn tí wọ́n sì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, èyí sì ń tà.

Ti Ìjàpá ni ó dùn wá jù. Volkswagen yìí kì í ṣe ọkọ̀ ọlọ́lá, síbẹ̀ ìgbà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ tí ó bá ni ín. Ní Ọ̀jọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ó pọ̀ ní 1975, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Èyí tí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wọ̀ ní 1998, Golf ni lábẹ́ aṣọ, iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Mẹkáníìkì tí ó fi Ìjàpá kọ́ṣẹ́ kò rí ojúlùmọ̀ kan nínú rẹ̀. Ní 2019 wọ́n pa òun náà tì.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá dá orúkọ baba padà, kí ó mú ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí a lè rí rà ní Ajégúnlẹ̀ wá pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí àwọn aṣáájú yín tó tún fi owó ìlú ra ọkọ̀ nítorí orúkọ rẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́.