Àmì Ohùn Kì í Ṣe Ẹ̀ṣọ́: Irú Ètò Ìkọ̀wé Tí Ó Yẹ Iṣẹ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé

Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ sínú kọ̀ǹpútà ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún tí ó kọjá. Lórí ìwé, iṣẹ́ náà dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí fáìlì rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn lè bá àpótí òfìfo àti lẹ́tà àjèjì níbi tí ó yẹ kí ẹ́, ọ̀ àti ṣ wà. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ èdè Yorùbá nínú èyí? Kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ọ̀dọ̀ ohun ìkọ̀wé ni ẹ̀bi wà.

Ìdí abájọ kò fara sin. Nígbà náà, kò sí ààyè fún ẹ, ọ àti ṣ láàrin àwọn lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n wá dá fọ́ǹtì tiwọn: wọ́n mú ipò lẹ́tà èdè mìíràn, wọ́n sì ya àwòrán ẹ́ lé e lórí. Ojú ń rí ẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni kọ̀ǹpútà tọ́jú sínú. Bí fọ́ǹtì náà bá ti kúrò, ìbòjú ká, àṣírí tú. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lò, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bú wọn. Àmọ́ Unicode ti jáde ní ọdún 1991, ẹ, ọ àti ṣ sì ti ní nọ́ńbà tiwọn nínú rẹ̀ láti ọdún 1993. Ẹni tí ó ṣì ń lo fọ́ǹtì ìbòjú lónìí kò ní àwíjàre.

Ohun tí ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni ètò tí ń kọ ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé: lẹ́tà àti àmì nìkan, ní ìlànà UTF-8, láìsí aṣọ ọ̀ṣọ́ kankan tí ètò ìkọ̀wé kan ṣoṣo mọ bí a ṣe ń tú u. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò ní olówó tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. WordStar àti WordPerfect gbilẹ̀ ní àsìkò kan; kọ̀ǹpútà mélòó ní ilé ẹ̀kọ́ ni ó lè ṣí fáìlì wọn lónìí? Microsoft pàápàá yí fáìlì Word padà kúrò ní .doc sí .docx ní ọdún 2007. Ṣùgbọ́n TeX, tí Donald Knuth gbé jáde ní ọdún 1978, orí ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé ni ó dúró lé, ètò ìkọ̀wé tí ó kéré jù lọ sì lè ṣí fáìlì rẹ̀ títí di òní.

Ẹ gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí Ìdógùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, láti gba oríkì ìdílé àti àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ̀ka-èdè kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Ní Ọ̀wọ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀, kọ́ńsónáǹtì kan wà tí àwọn onímọ̀ ń fi gh kọ; Ọ̀ghọ̀ ni àwọn onílé ń pe ìlú wọn. Ètò tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa fa ilà pupa sábẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì máa tún òmíràn ṣe láìgbàṣẹ. Ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé kì í tọwọ́ bọ ohun tí àgbà sọ. Iṣẹ́ tí ó tó 300 ojú-ewé kì í sábà ju mẹ́gábáìtì kan lọ; kọ̀ǹpútà àlòkù lè ṣí i, fóònù lè ṣí i. Bí àmì bá sì ti sọnù nínú fáìlì, tí àgbà náà ti papò dà, ta ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún bi léèrè bóyá ọkọ́ ni ó wí tàbí ọ̀kọ̀?

Lílo Unicode nìkan kò tó. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ẹ́: ẹ pẹ̀lú àmì òkè, é pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ojú rí ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò tí ń wá ọ̀rọ̀ yóò kà wọ́n sí mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ yóò ṣìrò, kò sì níí mọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé, àṣẹ kan ṣoṣo, ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní NFC, yóò sọ gbogbo wọn di ọ̀kan.

Àwọn kan a máa wí pé ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé kò lẹ́wà, àti pé fáìlì Word ni alábòójútó ń béèrè. Òótọ́ ni, Word òde òní mọ Unicode, ó sì rọrùn fún alábòójútó láti kọ àríwísí sí i. Ṣùgbọ́n èyí kò ní kí ó jẹ́ ilé iṣẹ́ náà. Pandoc, tí John MacFarlane, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ṣe ní ọdún 2006, yóò sọ ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé di fáìlì Word fún alábòójútó. XeTeX, iṣẹ́ Jonathan Kew ní ọdún 2004, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́wà fún ìdìpọ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Aṣọ ni Word, ara ni ọ̀rọ̀. Ara ni a kọ́kọ́ ń ní kí a tó dá aṣọ.

Láti ìpàdé àkọtọ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó ní ọdún 1875, títí dé ìgbìmọ̀ ọdún 1966 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn aṣáájú fi jiyàn lórí bí èdè yìí yóò ṣe wà lákọsílẹ̀. Lónìí, olùkọ́ a máa yọ máàkì lára ọmọ tí ó kọ igba níbi tí ìgbà yẹ. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí yunifásítì kan náà tí ń fi àmì ohùn dán ọmọ wò gba iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tí àmì rẹ̀ kò lè la ọdún mẹ́wàá já? Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di òfin: ẹni tí ó bá mú ìwé oyè wá, kí ó mú ọ̀rọ̀ pọ́ńbélé rẹ̀ dání. Ilé ìkàwé tí kò bá gbà á, àwòrán Yorùbá ni ó ń tò jọ, kì í ṣe Yorùbá.